Obìnrin Tó Ń Ka Vasua ní Naivutu

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Vasiti fi ka iye vasua, ẹran òkun kan tó ń gbé inú ìkarawun ńlá, lórí àpáta iyùn kan ṣoṣo, kò sì ṣì wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó ti ṣe àṣìṣe kì í ṣe inú òkun rárá. Inú ilé ni, níbi tó ti ń bu tíì fún àlejò, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá.

Òkè ni wọ́n bí i sí, ní Nasaulevu, ní Fiji. Láti etíkun, ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀ ni, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gígun òkè. Àwọn ará òkè kì í sábà wọ omi, ṣùgbọ́n tiwọn ni omi. Nígbà tí ogun àtijọ́ lé àwọn baba ńlá àwa ará Naivutu kúrò ní erékùṣù wọn, Nasaulevu ló fún wọn ní etíkun tí wọ́n kọ́lé sí, tó sì ní kí wọ́n máa pẹja jẹ. Àpáta iyùn tó wà lóde, èyí tí à ń pè ní Cakaunibola, wọn ò fún wọn. Ará Naivutu lè pẹja níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè tì í kí pípẹja níbẹ̀ di èèwọ̀ fún ìgbà kan, wọn ò sì lè ṣí i. Ọ̀rọ̀ títì àti ṣíṣí wà lọ́wọ́ ilé olórí Nasaulevu. Kò sí ọmọdé kan ní Naivutu tí kò mọ èyí, kò sì sí àgbàlagbà kan tó máa ń fẹ́ sọ ọ́.

Ọmọ ogún ọdún ni Vasiti nígbà tó fẹ́ Apenisa, tó sì sọ̀kalẹ̀ wá sí etíkun. Kò mọ̀wẹ̀ nígbà náà. Àwọn obìnrin ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé aya Apenisa ń fọ ẹsẹ̀ nínú òkun bí ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀nì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sí ibi tí omi kò jìn, tó fi ọwọ́ gbé e ní ikùn, títí ara rẹ̀ fi fúyẹ́. Kí ọdún kejì tó parí, kò sí obìnrin kan ní Naivutu tó lè dá èémí dúró tó o lábẹ́ omi. Ó mọ ihò tí ọ̀kàsà ń gbé, ó sì mọ àpáta tí vasua fẹ́ràn.

Vasua ń gbé inú ìkarawun méjì tó kọjú síra wọn, tó wúwo bí ọlọ. Á máa la ẹnu sí oòrùn, ètè rẹ̀ á sì máa dán láwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé. Bí òjìji ènìyàn bá ti kọjá lórí rẹ̀, á pa ẹnu dé. Ẹran rẹ̀ dùn púpọ̀, òun náà ló sì kó bá a. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò níbì kan, yóò tó ọdún mẹ́wàá kí òmíràn tó dàgbà tó o níbẹ̀. Nígbà tí Vasiti fi bí ọmọ mẹ́ta, tí àwọn ọmọ náà dàgbà, tí méjì lọ sí Suva, olú ìlú, tí ọ̀kan lọ ń ká èso ní Ọsirélíà, vasua ti di ohun tí ènìyàn lè wá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó tó rí ẹyọ kan.

Ọdún yẹn ni àwọn onímọ̀ nípa òkun dé.

Mẹ́ta ni wọ́n. Dokita Laisani, ọmọ Fiji bíi tiwa, láti àwọn erékùṣù Lau, tó ń kọ́ni ní Suva. Kerr, ará Ọsirélíà tó ga gogoro, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bí omi ṣe ń gbóná àti ohun tí ooru rẹ̀ ń ṣe fún iyùn. Ẹnìkẹta ni Nobuko, obìnrin kékeré kan láti Japan, tí kò mọ ohun mìíràn láyé yìí ju vasua lọ. Wọ́n mú ìwé láti ọ́fíìsì ìjọba kan wá. Naivutu ni wọ́n kọ sínú ìwé náà, nítorí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń lò máa ń fi orúkọ abúlé tó súnmọ́ omi jù pe omi.

Laisani mọ àṣà. Ó di gbòǹgbò yangona dáadáa, èyí tí a ń pò mu, tí a sì fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sórí ẹní níwájú olórí wa, Ratu Emosi, ó sì gbé ìdì náà síwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ ló sọ, pé àwọn fẹ́ wọ omi, pé àwọn fẹ́ kí wọ́n ti Cakaunibola kí ẹ̀dá inú rẹ̀ lè bí sí i. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí ọmọ gidi ń bèèrè.

“Ẹ̀yin baba, ẹ jọ̀ọ́ o. Ṣé ilé mìíràn wà tó yẹ ká gbé yangona dé ká tó fi ẹsẹ̀ kan omi?”

Jonasa, tó máa ń gbẹnu sọ fún Ratu Emosi, wo ojú olórí. Olórí ń wo ẹní. Jonasa wá ní, “Ibi tí ẹ wà yìí náà ni ilé. Ẹ kú ìrìn.” Ó gba ìdì yangona náà, ó pàtẹ́wọ́, àwọn ọkùnrin tó kù sì pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti Cakaunibola.

Ẹnu ọ̀nà ni Vasiti wà, pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́. Ó wo àwọn obìnrin tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè nínú wọn. Ó padà sí ilé ìdáná, ó bá Apenisa níbẹ̀ tó ń wá iná sìgá.

“Ìdì yangona yẹn, òkè ló yẹ kó lọ.”

“Mo mọ̀,” ni Apenisa wí.

“Gbogbo yín lẹ mọ̀.”

“Gbogbo wa la mọ̀. Ta ni kó sọ ọ́? Ìwọ? Bí o bá lanu báyìí, wọ́n á ní àwọn ará ilé yín ló rán ọ. Wọ́n á ní láti ọdún tó o ti ń jẹ ẹja wa, amí lo ṣì ń ṣe.”

“Ẹja ta ni?”

“Vasiti, tíì ń tutù.”

Ó gbé tíì lọ.

Nígbà tí Laisani bèèrè ẹni tó mọ vasua jù lọ ní abúlé, gbogbo ẹnu pè é. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di olùkà. Mo rántí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: wọ́n fún un ní pátákó ike funfun kan tí a lè fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí lábẹ́ omi, okùn tí wọ́n sàmì sí fún wíwọn, àti àwọn ike pẹlẹbẹ kéékèèké tó ní nọ́ńbà, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìkarawun. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni, ní ọjọ́ kejì tí òṣùpá bá kún, pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin tó kọ́. Kì í ṣe Naivutu nìkan. Ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń kà á lọ́jọ́ kan náà, láti Solomoni títí dé Tonga, obìnrin abúlé àti apẹja ni púpọ̀ nínú wọn. Oníkálùkù á fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù sí Laisani, Laisani á tò ó, á fi ránṣẹ́ sí Nobuko ní Japan, Kerr á sì fi bí omi ṣe gbóná tó níbì kọ̀ọ̀kan sí i. Bí ibì kan bá kùnà, iṣẹ́ gbogbo wọn á ní ihò. Vasiti fẹ́ràn èyí ju ohunkóhun lọ. Ó máa ń sọ pé bí òun bá wà lábẹ́ omi lọ́jọ́ yẹn, òun mọ̀ pé obìnrin kan wà lábẹ́ omi ní Tonga tó ń dá èémí dúró bákan náà.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ní ọdún karùn-ún, obìnrin Tonga kan kọ̀wé pé ètè vasua tòun ti ń funfun. Kerr wo ooru omi rẹ̀, ó ní ooru náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Nobuko ní kí wọ́n kó àwọn kéékèèké sí ibi tí omi ti jìn. Ọjọ́ mẹ́fà ni Vasiti àti àwọn obìnrin rẹ̀ fi kó ọgọ́ta vasua lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú agbọ̀n, bí ẹni tó ń kó ọmọ jòjòló. Mẹ́rin péré ló kú. Lérékùṣù tó tẹ̀ lé wa, níbi tí kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún wọn, tiwọn kú tán.

Nobuko wá lọ́dún yẹn láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó jókòó ti Vasiti nínú ọkọ̀, omi ń kán lára àwọn méjèèjì, ó sì sọ ọ́ ní èdè wa tó ń fà bí gọ́ọ̀mù, “Ìwọ fẹ́ràn wọn ju ọkọ rẹ lọ.”

“Kí ni ìyàtọ̀?” ni Vasiti dá a lóhùn. “Bí mo bá ti súnmọ́ wọn, wọ́n á pa ẹnu dé. Ohun tí Apenisa ń ṣe náà nìyẹn.”

Mẹ́tàlélógún ló kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún kẹsàn-án, igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Wọ́n mú un lọ sí Suva láti bá àwọn olùkà tó kù sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, obìnrin Tonga tó kọ̀wé lọ́jọ́sí, Lupe lorúkọ rẹ̀, dìde bi í pé, “Lọ́dọ̀ wa, ìjà lórí ẹni tó ni omi ló ń ba títì jẹ́. Ta ló tì í fún yín?”

“Olórí wa ni,” ni Vasiti wí, ó sì jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan lókè, Semi, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ìyá kan bá ti bàlágà, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀wọ̀ ni. Wọn kì í jókòó sórí ẹní kan, wọn kì í pe orúkọ ara wọn lójú ara wọn. Ẹlòmíràn ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn. Ulamila, ìyàwó Semi, ló ń gbé e fún àwọn méjèèjì. Àti òun àti Vasiti ló sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni aya ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ ṣe ń wà. Ulamila máa ń gbé dalo, kókò tí wọ́n ń gbìn lókè, sọ̀kalẹ̀ wá pààrọ̀ ẹja, gbogbo ayé á sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó yọ.

“Ẹ̀yin ará etíkun, ẹ kó àwọn ọkọ yín pamọ́ o, mo ti dé! Vasiti, òórùn rẹ ti dà bí ti ọ̀kàsà tó kú.”

“Tìẹ ńkọ́? O ń rùn bí ẹlẹ́dẹ̀ òkè. Kí lẹ gbé wá?”

“Dalo. Ọkọ mi sì ní kí n bi ọ́, àwọn vasua òun ńkọ́? Ara wọn le?”

“Sọ fún un pé ara wọn le. Wọ́n ní kó wá kí wọn, bí kò bá ní rì bí òkúta.”

“Yóò wá. Ó ń dúró de ẹni tó máa pè é ni.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún ni Ulamila ń béèrè, bí wọ́n bá sì ti rẹ́rìn-ín tán, Vasiti á kó ẹja fún un, á fi ewé bò ó. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ kan ilẹ̀kùn fún un. Ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè sọ fún Laisani pé, ọmọ mi, di yangona mìíràn ká gòkè. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni iye vasua ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì ń wúwo sí i lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún kẹwàá, Ratu Aminiasi, olórí Nasaulevu, kú.

Gbogbo wa gòkè pẹ̀lú ẹní àti eyín àbùùbùtán tí a fi ń kẹ́dùn. Bí olórí tó ni omi bá kú, wọ́n máa ń ti omi rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún òru. Ẹnikẹ́ni ò ní pẹja níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí i, ohun tó bá sì ti sanra nínú rẹ̀ ni wọ́n á fi bọ́ àwọn tó wá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Semi ló dúró láti kéde rẹ̀, nítorí òun ló ń gbẹnu sọ fún ilé náà báyìí.

“Láti òní lọ, Cakaunibola di títì nítorí baba wa. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́rùn-ún, a ó ṣí i.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan tó ti mu yangona díẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì lẹ tún ń tì.”

Semi yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ta ló tì í?”

Ratu Emosi ń wo ẹní. Lẹ́yìn, láàárín àwọn obìnrin, Vasiti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láti fi gba igba vasua ó lé mẹ́rìnlá sílẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró de Ulamila níbi omi mímu, ó sì rán an sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fi ẹja inú agbami ṣe àsè náà, kí wọ́n fi vasua sílẹ̀. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta.

“Ó ní kí àwọn onímọ̀ rẹ gbé yangona wá fúnra wọn,” ni Ulamila wí. “Kí wọ́n wá jókòó sórí ẹní wa kí wọ́n bèèrè. Ó ní kò tíì pẹ́ jù. Vasiti, ó ní kò tíì pẹ́ jù. Ṣé o gbọ́?”

Vasiti tẹ Laisani láago. Laisani wọ ọkọ̀ ojú omi tó kọ́kọ́ kúrò ní Suva. Etí omi ni Vasiti ti pàdé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ ogun àtijọ́ títí dé ọjọ́ tíì. Laisani bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn.

“Mo bèèrè lọ́jọ́ yẹn, Màmá. Mo fi ẹnu ara mi bèèrè.”

“O bèèrè. Mo gbọ́.”

“Ọdún mẹ́sàn-án! Inú ọkọ̀ kan náà là ń wọ̀. Ilé yín ni mo ń sùn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ìkòkò tíì ló wà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Ẹni tó ń bu tíì kì í dáhùn níwájú olórí.”

“Lẹ́yìn tíì ńkọ́?”

Vasiti mú bàtà rẹ̀, ó sì gbé e fún un.

Wọ́n pèsè yangona. Ṣùgbọ́n Laisani kò lè gòkè láì sọ fún àwọn tó gbà á lálejò fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí náà ó kọ́kọ́ lọ bá Ratu Emosi. Ọkùnrin náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Jonasa ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ fẹ́ gòkè. Ó dáa. Bí ẹ bá gbé yangona dé ọ̀hún, ohun tí ẹ sọ ni pé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni baba yìí gbà lọ́wọ́ yín. Kí ó wá kú pẹ̀lú orúkọ yẹn? Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀kalẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ẹ kó ọkọ̀ yín, ẹ kó pátákó yín. Àwọn obìnrin wa ò ní wọ omi fún yín mọ́.” Ó wá tọ́ka sí ẹ̀yìn láì wo ibẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹsẹ̀ nínú ilé méjì, ẹ mọ ara yín.”

Apenisa tẹ orí ba.

Laisani jókòó sílé Vasiti fún ọjọ́ méjì pẹ̀lú ìdì yangona lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bá Kerr sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó bá Nobuko sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ràn abúlé yìí, wọn ò fẹ́ kó pín sí méjì nítorí tiwọn, wọn ò sì fẹ́ kí ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di mẹ́rìnlá. Ohun tí ọ̀mọ̀wé ń ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà. Èmi, olùkọ́ ilé ìwé Naivutu, ni wọ́n fún láti tún èdè rẹ̀ ṣe, lẹ́tà náà sì dára. Ó kẹ́dùn olóògbé, ó sọ iye vasua lọ́dọọdún, ó bẹ ilé Nasaulevu kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ sí, tàbí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán. Ilé ìwé gíga mẹ́ta ló lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n fi rán awakọ̀ kan lókè, Laisani sì gbé yangona rẹ̀ padà sí Suva.

Ulamila ló mú èsì wá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

“Wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo ilé. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ọkọ mi gbé e sínú abọ́ tí wọ́n fi ń po yangona. Ó ní, ‘Ó ti dé. Èwo nínú wa ló máa kọ́kọ́ mu ún?’” Ó nu ojú rẹ̀. “Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Vasiti. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.”

Ọgọ́rùn-ún òru pé. Ọkọ̀ mẹ́fà ló jáde ní àárọ̀, ti òkè àti ti etíkun pọ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ Naivutu kò lè jókòó máa wo ẹlòmíràn. Títí di ọjọ́ kẹta làwọn ọkọ̀ náà ṣì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Wọn ò rú àṣà, wọn ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló ń bọ̀ láti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n jẹun yó.

Ọmọbìnrin ilé ni Vasiti, ipò rẹ̀ nígbà òkú baba ilé sì ni ilé ìdáná. Kò ṣeé kọ̀. Ó gòkè ní àárọ̀ kùtù, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ilé tó kù, wọ́n sì kó vasua dé iwájú wọn nínú àpò ìrẹsì. Ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń ti ọ̀bẹ bọ àárín ìkarawun láì ba ẹran jẹ́ bíi tirẹ̀, nítorí náà wọ́n ń kó wọn wá bá a. Ike nọ́ńbà ṣì wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ó mọ wọn. Ó mọ nọ́ńbà kọkànlá, tó wà lára mẹ́tàlélógún ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tóbi tó ìrọ̀rí. Ó mọ àwọn tó gbé nínú agbọ̀n lọ́dún ooru. Obìnrin kan ń yọ àwọn ike náà, ó ń jù wọ́n sínú abọ́ kan, ó wá gbé abọ́ náà fún un nígbà tí iṣẹ́ parí. “Ẹrù yín nìyí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó nílò wọn.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rò pé inúure lòun ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ, wọ́n gbé ìpín vasua tirẹ̀ wá, pẹ̀lú omi àgbọn àti òroǹbó. Ọmọ ilé tí kò bá jẹ nínú àsè baba ilé ti kọ baba ilé sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ulamila jókòó tì í, ó sì jẹ tirẹ̀ láì wo ojú rẹ̀.

Méjìdínláàádọ́wàá ni wọ́n kó. Nínú èyí tó kù, ìdákọ̀ró fọ́ méje.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dé. Ratu Emosi ti kú láàárín oṣù náà, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n má gòkè mọ́. Wọ́n gòkè. Kerr ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin tó rẹ̀, yangona wà lọ́wọ́ Laisani. Vasiti ló ṣíwájú wọn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn, jìnnà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Laisani sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ní Naivutu. Ratu Viliame, ọmọ olóògbé, gbọ́ ọ títí dé òpin. Semi gba ìdì náà, ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n po yangona, ago yí ká lẹ́ẹ̀kan.

“Ọdún mélòó lẹ fẹ́?” ni Ratu Viliame béèrè.

“Ogún, bí ẹ bá lè gbà,” ni Laisani wí, pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

“Ẹ gba ogún. Bí olórí bá kú láàárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni. Mo ti sọ fún Semi pé kí wọ́n fi màlúù ṣe tèmi.” Ó gbé ago sílẹ̀. “Irú ohun báyìí ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ká ní ẹ wá lọ́dún yẹn ni, ì bá ti gbà fún yín kí tíì tó tutù. Ó máa ń jókòó síbí yìí ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bá wọlé, ó ń wo ojú ọ̀nà.”

Nobuko bèèrè ohun tó sọ, kò sì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde, Semi sọ̀rọ̀ sí àárín ilé, kò yíjú sí ẹnikẹ́ni. “Ẹ bá mi sọ fún ọmọ ìyá mi pé mo tẹ́ ẹní yìí lọ́dọọdún.” Ulamila ṣíjú wo Vasiti. Kò sí ìdí láti tún gbé ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ti gbọ́.

Ọjọ́ kejì tí òṣùpá kún, Vasiti wọ omi. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ibi mẹ́rìnlá tó kù ń kà lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ wọn ní ihò. Ó pẹ́ lábẹ́ omi ju bó ṣe yẹ lọ fún ohun tó wà níbẹ̀ láti kà. Mọ́kàndínlógún. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Laisani wà nínú ọkọ̀. Ó gba pátákó, ó wo iye náà, ó ní, “Màmá, ìwé tuntun ti wà fún ìgbà tí iye bá já lulẹ̀ báyìí. Wọ́n fẹ́ ká kọ ohun tó fà á. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn yín.”

Vasiti fi ọwọ́ tútù gba pẹ́ńsùlù. Ó kọ ọ́ ní èdè wa, ní lẹ́tà gàdàgbà tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé òkè: *Mo mọ ilé tó yẹ. Mi ò sọ.*

Laisani gbé ìwé náà lọ sí Suva pẹ̀lú èyí tó kù. Wọ́n kọ iye náà wọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Japan. Níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tó fa àdánù, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: ooru, ìjì, àìsàn, pípa. Wọ́n yan pípa. Àyè fún ọ̀rọ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà.